Gaàrì Inú Abọ́ Tánganran

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Ìdí-Ọsàn,
                                                  Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ràsákì ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá tí ìyá mi kò bí,

Ṣé Ìlọrin ń ṣe dáadáa sí ọ? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tí ó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ orí rédíò tó mọ̀? Mo gbà pé Ràmọ́tà ṣì ń fi iyọ̀ dù ọ́, pé ìwọ náà ṣì ń lọ jí i bù nígbà tí ó bá ń kírun lọ́wọ́. Bá mi kí i gidigidi, kí o sì sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí à ń bá ọkọ dúnàádúrà lé lórí. Yasir ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́? A gbọ́ pé ó ti wọ yunifásítì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jáde kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ tó tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ní tiwa, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé nígbà tó bá rántí ọ̀nà. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, eruku ti ń múra. Ayọ̀kúnmi ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó jókòó dojú kọ mí, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń ṣọ́ ọwọ́ mi bóyá n óò kọ gbogbo rẹ̀ tàbí n óò fo ibì kan.

N óò kọ gbogbo rẹ̀.

O lè máa rò ó pé kí ló gbé Bọ̀wálé dé ìdí bírò nígbà tí fóònù wà lápò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo béèrè orúnkún rẹ, tí a bú ìjọba díẹ̀, tí mo sì dágbére. Lórí fóònù, ẹnu mi mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wà nílùú. Bírò kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹ̀gbọ́n Wòsílátù wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti apá òsì ti fọ́, Ràsákì, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ò ń kó lọ sí Ìlọrin, ohun méjì ni o fi lé mi lọ́wọ́: àpótí ìwé rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Inú mi dùn láti sọ fún ọ pé ikán kò jẹ àpótí ìwé náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí àdúgbò wa. O rántí ìrẹsì ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n fi ọkọ̀ mẹ́ta àti kámẹ́rà mẹ́fà gbé wá, tí ó wá di kóńgò kan láàárín ilé mẹ́rin. Mo ti rò pé irú rẹ̀ náà ni. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tèyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Mukhtar, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó mọ̀ pé a ní etí, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ìjọba fẹ́ mọ àwọn ilé tí ìṣẹ́ ń bá fínra ní tòótọ́, ní ojúlé dé ojúlé. Kì í ṣe Àbújá ni yóò sọ ẹni tó jẹ́ tálákà, kì í ṣe Abẹ́òkúta. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni yóò péjọ, wọn yóò sọ ohun tí ìṣẹ́ jẹ́ lójú tiwọn, wọn yóò sì dárúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Orúkọ wọ̀nyẹn yóò wọ inú ìwé kan. Inú ìwé náà ni owó ìrànwọ́ yóò ti máa jáde, àti káàdì ìlera tí aláìní yóò fi gba ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba láìsan kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ràn ètò náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí yóò rọ̀ mí lọ́rùn láti di gbogbo ẹ̀bi yìí ru ìjọba, ìjọba sì ti ń ru ẹ̀bi pẹ́ débi pé kò ní mọ̀ pé mo ti fi tèmi lé e.

Wọ́n ní kí a yan ìgbìmọ̀. Olóyè Harold di alága, nítorí pé kò sí ìpàdé tí Harold lè jókòó sí tí kò ní di alága. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Ọjọ́ tí a pé jọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, Harold fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣí ìpàdé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ń ta aṣọ fún òyìnbó, ó sì kọjá lórí gbogbo ìjọba tó ti jẹ láti ìgbà náà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi pé, “Òṣì kò tíì dé, alága ṣì ń pè é.” Mo fi han Rídwàn tó ń lẹ táyà ní oríta, tó jókòó tì mí, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín dá ìpàdé rú. Fi sọ́kàn pé mo rẹ́rìn-ín Harold lọ́jọ́ náà. A óò padà síbẹ̀.

Mukhtar pín wa sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ jókòó sọ́tọ̀, kí wọ́n sọ àmì tí wọ́n fi ń mọ ilé tí ìṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ dára lọ́jọ́ náà, Ràsákì. Àwọn obìnrin ní ẹni tó bá ń dáná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó sì ń jẹ́ kí èéfín rẹ̀ pẹ́ kí aládùúgbò lè rí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹni tó ń pa fóònù rẹ̀ kó má baà gbọ́ ohùn olówó tó ń sin gbèsè. Àwọn ọkùnrin ní ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kiri inú yàrá bí òjò bá ń rọ̀. Èmi akọ̀wé ń kọ ọ́, mo ń tún un kọ, mo ń fi àmì ohùn sí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo ní mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un láti ọ̀dọ̀ tèmi. Mo dìde dúró, mo sì kà á sókè: “Tálákà ni ẹni tí kò ní ohun tí ó lè fún ẹlòmíràn.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Harold ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Azeemah ló sọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin. O lè má rántí rẹ̀. Òun ni ìyàwó ilé tó ń ta gaàrì lójúde ilé tó fẹ̀yìn ti ilé bàbá yín. Orúkọ mọ́kànlá ló mú wá. Èkẹrin ni Wòsílátù, Ìyá Ameenat.

Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sí ọwọ́ iwájú, ìró funfun, ìbòrí funfun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti lọ̀ débi pé ó lè dá dúró. Ìjọba ní kí tálákà jáde. Ní Ìjẹ̀bú níhìn-ín, tálákà máa ń kọ́kọ́ lọ aṣọ rẹ̀ kó tó jáde. Mo mọ ìyẹn lónìí. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo rí ni ọmọ Alhaji onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ wọ́ nílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn ọkùnrin ti ń kùn. Mukhtar béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí orúkọ náà.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, jẹ́ kí n rán ọ létí ọ̀rọ̀ abọ́. Ìyá rẹ àti ìyá mi, abọ́ kan náà ni wọ́n ń lò láàárín ara wọn. Bí ìkọ́kọrẹ́ bá lọ sọ́hùn-ún, nǹkan ń padà wá síhìn-ín. A kì í dá abọ́ aládùúgbò padà kó jẹ́ afẹ́fẹ́ ni yóò wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan. Ṣé o rántí ọjọ́ tí a jẹ àkàrà inú abọ́ tán lójú ọ̀nà, tí a gbé abọ́ lásán dé ọwọ́ ìyá mi? Ìyá rẹ ló nà wá, ìyá mi sì ń kà á fún un. Àṣà yẹn kò kú láàárín ilé méjèèjì. Ayọ̀kúnmi a máa fi abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé yẹn bu ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n, abọ́ náà a sì máa padà wá pẹ̀lú gaàrì, gaàrì Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ, tó ń ké lẹ́nu. Mo ti jẹ gaàrì náà mọ́ ẹ̀pà lọ́pọ̀ ọ̀sán, tí mo ń sọ pé ẹ̀gbọ́n Ràsákì ò yí padà.

Nítorí náà mo dìde. Ràsákì, mo dìde bí ẹni pé ẹ̀rọ ayàwòrán ń bẹ níwájú mi. Mo sọ ìtàn abọ́ náà fún wọn pátá. Mo ní láti ọdún tí mo ti fẹ̀yìn tì, abọ́ wa kò tíì ti ilé Ẹ̀gbọ́n padà lófìfo rí. Mo ní, “Ẹni tó ń fún tíṣà ní gaàrì ni a fẹ́ kọ sínú ìwé tálákà? Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá kọ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ èmi tó ń jẹ ẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àní Harold rẹ́rìn-ín. Mo tọ́ka sí òfin tí mo fẹnu ara mi ṣe: ẹni tó bá ní ohun tó lè fún ẹlòmíràn, kì í ṣe tálákà.

Mukhtar kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀.”

Wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe. Wọ́n ní, “Alhamdulillah. Ohun tí Tíṣà sọ náà ni.”

Mo fa igi lé orúkọ wọn. Bírò pupa ni mo lò. Mo lo rúlà, Ràsákì, kí ìlà náà lè gún.

Azeemah wò mí, ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Nígbà tí ìpàdé tú, Ẹ̀gbọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “O ṣeun, Bọ̀wálé. O gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.” Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ayọ̀kúnmi, mo tilẹ̀ ṣe ohùn Harold fún un, ṣùgbọ́n kò rín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ mọ ìwé, ẹ ò mọ abọ́.” Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní tíṣà kì í béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lọ sùn. Èmi ní tèmi, mo kọ lẹ́tà sí ọ lọ́sẹ̀ náà. Wá a jáde, bí o bá ṣì ní in. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ wà bí ọba.”

Oṣù kẹsàn-án ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ayọ̀kúnmi fẹ́ lo abọ́ náà, ó ní kí n lọ gbà á wá. Òwúrọ̀ Sátidé ni, oòrùn ti yọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n jókòó lójúde, fìlà tí wọ́n ń fọwọ́ rán wà lórí itan wọn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí òwú nínú abẹ́rẹ́ náà. Mo ní kí n fi wọ́n ṣeré bí a ti máa ń ṣe ní kékeré. Mo rìn wá dúró gbangba níwájú wọn, n kò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí tààrà. Wọ́n ní, “Azeemah, ṣé ìwọ nìyẹn?”

Mo sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oòrùn ló wà lẹ́yìn mi. Oòrùn kò sí lẹ́yìn mi.

Mo ní abọ́ ni mo wá gbà. Wọ́n ní kí n wọlé jókòó, kí n ní sùúrù díẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ ògiri lọ sẹ́yìnkùlé, ìka wọn ń ka igun kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé tó ń ka tábìlì ìṣirò. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìnkùlé yín àti ilé Azeemah kò ju kíláàsì kan lọ, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn.

“Azeemah, jọ̀ọ́. Ife kan péré. Bọ̀wálé ló wà ní pálọ̀, abọ́ rẹ̀ ló wá gbà.”

“Màmá, ẹ jẹ́ n sọ fún ọkùnrin yìí lónìí.”

“Tí o bá sọ ọ́, má kí mi mọ́.”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró gaàrì tó ń bọ́ sínú abọ́ tánganran. O mọ ìró náà, ó dà bí àkọ́rọ̀ òjò lórí páànù. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò sì tíì bá mi wí rí.

Wọ́n gbé e wá fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyàwó mi. Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́! Kí ni ǹ bá ṣe? Ǹjẹ́ o mọ bí abọ́ gaàrì ṣe wúwo tó? N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Azeemah ti dúró dè mí níbi tó ń pàtẹ ọjà sí. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń dá oníbàárà lóhùn ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Gaàrì tí ẹ fi lé Màmá kúrò nínú ìwé, tèmi ni. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá abọ́ yín wá nǹkan sí.” Ó ní kò tó nǹkan, kì í ṣe pé òun ń sin gbèsè, òun kàn fẹ́ kí n mọ ẹni tí ǹ bá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sọ ìyókù. Ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fìlà wá ti lọ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ ti kó jáde nítorí òrùlé tí èmi àti ìwọ ti ń sọ pé a óò tún ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ameenat ń gbìyànjú láti Kùtọnú, ṣùgbọ́n òun náà ń wá tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n sọ fún Azeemah pé láti ìgbà tí o ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ni àwọn ti ní kí o dá ohun tí ò ń fi ránṣẹ́ dúró, pé àwọn kò ṣaláìní. O gbà wọ́n gbọ́. Ta ni kò ní gbà wọ́n gbọ́, nígbà tí èmi náà ń kọ̀wé sí ọ pé ọba ni wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n ti lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Àwọn dókítà kọ àyẹ̀wò àti oògùn fún wọn, Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà sínú Kùránì, wọn kò sì padà lọ. Azeemah ní, “Káàdì yẹn ni a fẹ́ gbà fún wọn, Tíṣà. Kì í ṣe owó. Màmá ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Káàdì ni.”

Mo dé ilé, mo gbé abọ́ ka orí tábìlì. Ayọ̀kúnmi wo ojú mi, ó wo gaàrì, ó sì fi ọmọrí dé e. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ bá Mukhtar ní ọ́fíìsì wọn. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ olójú ewé mẹ́ta, àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ga débi pé èmi fúnra mi ń wo òkè kà wọ́n. Ó ka ojú kìíní, ó sì rọra dá a padà fún mi. Ó ní àyè ṣì wà fún ilé tí wọ́n bá fi àṣìṣe yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dá a padà: ní ìpàdé, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó takò ó sì dìde kó sọ ohun tó mú un yí padà. “Kì í ṣe ìwé, Bàbá. Ẹnu yín ni.” Ó tún ní ẹni tó ni orúkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Mo lọ bá Harold kó pe ìpàdé. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò jẹ adùn rẹ̀. Mo ti rẹ́rìn-ín ọkùnrin náà fún ogójì ọdún, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, “Tíṣà, èmi náà pàtẹ́wọ́. N óò pe ìpàdé náà. N kò sì ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀.” Ó sì mú un ṣẹ. Ó jókòó sórí àga alága láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju àdúrà lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló le jù. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní jókòó kí wọ́n tún pe àwọn ní tálákà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kì í ṣe àwọn ni wọ́n máa pè lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni. Mo ní kí wọ́n má wá rárá, kí wọ́n kàn tẹ̀ka fún mi. Wọ́n wá béèrè pé, “Ràsákì ńkọ́? Ṣé yóò gbọ́?” Mo ní mo ti parọ́ fún ọ nínú lẹ́tà, inú lẹ́tà náà ni mo gbọ́dọ̀ ti pa á rẹ́. Wọ́n ní, “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé n kò fẹ́ kó sunkún sí mi létí lórí fóònù.” Wọ́n na ọwọ́ wọn, mo di àtàǹpàkò wọn mú, mo sì gbé e lé ibi tó yẹ, nítorí wọn kò rí ìlà náà.

Ìpàdé kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìtìjú ẹlòmíràn a máa kó èrò jọ. Mo dúró ní ibi tí mo ti dúró ní oṣù kẹrin. Mo sọ pé gaàrì tí mo fi yangàn, ti Azeemah ni. Mo sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ń tọrọ ní ẹ̀yìnkùlé kí n lè rí nǹkan gbà ní pálọ̀. Mo ka òfin mi, èyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, mo sì ní irọ́ ni: ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ohun tó máa ń kẹ́yìn kúrò lọ́wọ́ tálákà ni ohun tó fi ń ṣoore. Mo fa igi lé e. Ohùn Rídwàn dún láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà, ẹ ò wá lo rúlà lónìí?” Àwọn kan rín díẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Rídwàn bí a ti ń rẹ́rìn-ín nínú ìpàdé. Azeemah kò pàtẹ́wọ́, kò bá mi kẹ́dùn. Ó kàn ní, “Ẹ kọ orúkọ náà.” Mo kọ ọ́. Ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ fún ọdún márùndínlógójì nìyẹn, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá kọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Káàdì náà jáde ní oṣù kẹwàá. Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ó ní omi inú ojú ni kò rí ọ̀nà jáde, tó ń tẹ iṣan ojú mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í dun ènìyàn. Ti òsì ti kú pátápátá. Ti ọ̀tún, a lè mú èyí tó kù níbẹ̀ dúró pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ àti oògùn tí wọn yóò máa kán sí i títí ayé. Mo bi í pé tó bá jẹ́ oṣù kẹrin ni a wá ńkọ́? Ó ní kò sí ẹni tó lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ti òsì ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, bóyá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Mo tún un bi. Ó tún un sọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń padà, Ẹ̀gbọ́n bi mí ohun tí dókítà sọ nípa oṣù kẹrin. Wọ́n ti gbọ́ pé mo béèrè. Mo sọ ọ́ bí ó ti rí, n kò dín in. A ń kọjá ọjà Òkè-Àjé lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Mo jókòó níbẹ̀ náà, Bọ̀wálé. Ẹnu mi ni mo fi sọ Alhamdulillah.” Wọn kò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ẹni tó bá bú ọ ti gba díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Káàdì ló sanwó rẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ojú ọ̀tún ń rí ọwọ́, ó ń rí ẹnu ọ̀nà, ó ń rí àwọ̀. Ètò dára, mo ti wí bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kàn kò lè dára ju àwa tí à ń kọ ọ́ lọ ni.

Ó ku ohun kan, èyí tó mú mi jí lónìí tí mo fi mú bírò. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ayọ̀kúnmi fá ewùrà, ó se ìkọ́kọrẹ́, ó sì fi abọ́ tánganran náà bu ti Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo gbé e lọ. N kò sọ nǹkan kan nípa abọ́, àwọn náà kò sọ. Ní àná, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lójúde wa. Ẹ̀gbọ́n ni, àwọn nìkan, wọ́n ti la ọ̀nà kọjá láti ilé yín dé ibí. Wọ́n na abọ́ náà sí mi. Mo gbà á, ó sì fúyẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e gba ojú ara mi. Mo ṣí ọmọrí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Wọ́n ti nù ún gbẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ràsákì! Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ti lò láyé, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i rí pé ọwọ́ wọn ṣófo. Mo gbójú sókè. Wọ́n ń fi ojú ọ̀tún wò mí, wọ́n ń dúró bóyá n óò sọ̀rọ̀. Mo rọra dé ọmọrí náà padà. Wọ́n ní, “Bá mi kí ìyàwó rẹ. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé,” wọ́n sì yí padà lọ sílé.

Abọ́ náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. N kò tíì jẹ́ kí Ayọ̀kúnmi fi nǹkan kan sínú rẹ̀.

Bí o bá ka ìwé yìí tán, tí o bínú, ó yẹ ọ́. Má fi ìbínú náà pamọ́ nítorí pé a jọ dàgbà. Bí orúnkún bá gbà ọ́, wá kí wọn kí ọdún tó parí, kí a sì wo ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn bí ọkùnrin. Nígbà tí o bá dé, ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má dúró níwájú wọn láìsọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ kí wọn láti ẹnu géètì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ ni.

Kí Ràmọ́tà, kí Yasir, kí gbogbo ilé. Ayọ̀kúnmi ti ka gbogbo rẹ̀ láti èjìká mi, ó ní n kò fo ibì kankan.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ àkàrà, tí ojú ṣì ń tì,
                                                  Bọ̀wálé.